Àgékù Ẹtù Sàfú

Ẹ bá mi pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná. Ariwo rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń pariwo sọ. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìbàdàn àti Èkó wálé ọdún, láti àná lẹ ti ń bi ara yín pé kí ló dé tí Màmá kì í wọ yàrá ìránṣọ tí Múlíká tún ṣe. Yàrá tó mọ́ tónítóní, tó ní fèrèsé onígíláàsì, tí gbogbo yín ń wọlé lọ ya fọ́tò. Mo sì gbọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú yín ní arúgbó kì í fẹ́ ohun tuntun. Irọ́ ni. Mo fẹ́ràn ohun tuntun. Ta ló kọ́kọ́ ní fóònù nínú àwọn ìyá agbo ilé yìí, ṣé kì í ṣe èmi ni?

Nígbà tí mo wọ ilé yìí ní ìyàwó, ẹ kò lè jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí. Òwú ni ì bá gbé yín ṣubú. Láti ara ògiri yìí dé ìdí igi dongoyárò ọ̀hún, òwú títa ni gbogbo rẹ̀, òkúta ló ń fà á lẹ́sẹ̀ kó má baà rọ̀. Abẹ́ àtíbàbà ni àwọn ọkùnrin ń jókòó sí, oníkálukú nídìí òfì tirẹ̀, apasá tí wọ́n fi ń lu òwú pọ̀ á máa dún gbà, gbà, gbà, igi ìtẹsẹ̀ á máa ké bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Àwa ò kà á sí ariwo. Inú ariwo yẹn ni gbogbo ọmọ mi ti ń sùn. Ọjọ́ Jímọ̀, tí àwọn ọkùnrin bá dìde lọ kírun, tí ilé pa lọ́lọ́, ìgbà yẹn làwọn ọmọ ọwọ́ ń jí tí wọ́n á fi igbe ta. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èmi náà nísinsìnyí. Àdúgbò mìíràn ṣì wà ní Ìsẹ́yìn tí ẹ ti máa gbọ́ òfì, Ọlọ́run ló mọ ọpẹ́ tí a ó dá fún wọn. Ṣùgbọ́n òwú tí wọ́n ń fi hun ún, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń rà á, ó ń dán yinrinyinrin bí ìpẹ́ ẹja. Tiwa, àwa obìnrin la ń fi ìrànwú ran òwú, àwa la ń rẹ ẹ́ sínú aró. Ọwọ́ ìyá ọkọ mi, mi ò rí i kó mọ́ rí. Aró ti wọ inú èékánná rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó kú, èmi wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́, a fọ ọwọ́ yẹn títí, bẹ́ẹ̀ ni a gbé e lọ, ọwọ́ dúdú bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí ìkòkò. Nínú agbo ilé yìí, kò sí ẹni tó ń hunṣọ mọ́. Bàbá yín àgbà ló kẹ́yìn. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń gun ọ̀kadà, àwọn kan wà l'Ábújá, ẹ sì mọ̀ pé igi òfì tó kù, a ti fi dáná.

Ẹ jẹ́ n padà sórí yàrá. Yàrá àgékù là ń pè é kí ẹnikẹ́ni tó máa pè é ní yàrá ìránṣọ.

Bí wọ́n bá hun aṣọ tán lórí òfì, ìdí rẹ̀ kan máa ń kù tí kò ní wọ inú aṣọ, kò gùn ju apá lọ. Ní ilé ẹlòmíràn, wọ́n lè fi nu ọwọ́. Ní ilé tiwa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jù ú nù. Ìyá ọkọ mi ló ń gbà á. Aṣọ ìkómọ ẹni tí wọ́n hun, aṣọ ìyàwó ẹni tí wọ́n hun, àgékù rẹ̀ á wọ yàrá. Nígbà tí ọmọbìnrin ilé bá ń lọ ilé ọkọ, inú àwọn àgékù yẹn la ti máa gé díẹ̀ díẹ̀, a ó fi ọwọ́ rán an pọ̀ ní ìbora. Ti bàbá rẹ̀ á wà níbẹ̀, ti àwọn ìyá bàbá rẹ̀, ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn ibẹ̀, àgékù aṣọ ìyàwó ìyá rẹ̀ ni. Òun la kọ́kọ́ ń tẹ́ sílẹ̀, a ó wá máa rán àwọn yòókù yí i ká. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ rí i, kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ, títí di ìrọ̀lẹ́ tí a ó fi bò ó léjìká tí a ó sì ka àwọn ènìyàn ara rẹ̀ fún un. Ìyá ọkọ mi máa ń ní ẹni tó bá ti sọ ọ́ ṣáájú, ó ti tú ìyàwó sí ìhòòhò. Bí mo ṣe wá ń sọ ọ́ fún yín báyìí, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ kí n tó parí.

Àwọn àgékù yìí, ara ìṣó ni wọ́n wà. A kò tò wọ́n ní àwọ̀, a kò tò wọ́n ní títóbi. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ti àwọn ọmọbìnrin tó ti lọ ilé ọkọ. Ògiri ẹ̀yìn ni ti àwọn tó wà nílé. Ògiri tí à ń kọjú sí bí a bá ń kírun, ti àwọn òkú wa ni. Bí ẹnì kan bá kú, tí a bá ti sin ín, ìyá ọkọ mi á ṣe àlùwàlá, á wọlé, á sọ àgékù onítọ̀hún kalẹ̀ lára ògiri kan, á gbé e kọ́ sára èkejì. Yàrá yẹn náà ló ti ń kírun àárọ̀. Bó bá sálámà tán, á gbé ojú sókè, á máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì ṣàdúà fún wọn. Ìyàwó tó bá wọ ilé yìí kò ní pẹ́ mọ ibi tí oníkálukú wà, àwọn ọmọbìnrin ilé nìkan la kì í sọ ọ́ fún. Mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ eyín ẹnu mi.

Kì í ṣe ẹkún nìkan ló wà lára ìṣó wọ̀nyẹn o. Ẹ jẹ́ n fún yín ní ti àgbò. Bí Iléyá bá ti ń bọ̀ lọ́nà, gbogbo ayé ló ń fẹ́ aṣọ, òfì kì í sinmi, ìdí òfì la ti ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Lọ́dún kan, bàbá yín àgbà ń hun àlàárì, aṣọ pupa, fún ọkùnrin oníṣòwò kan láti Ṣakí. Àgbò tí a fẹ́ fi ṣe ọdún já okùn, ó ki orí bọ inú òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ké mọ́ ọn, ó fò sókè, ó fa òwú tòun tòkúta, ó gba ìta lọ. Ọkọ mi gbá tẹ̀lé e pẹ̀lú ṣòkòtò nìkan, ó ń pariwo pé, “Ẹ bá mi mú aṣọ o! Ẹ bá mi mú aṣọ!” Àgbò ló ń sá, aṣọ ló ní kí wọ́n bá òun mú. Títí ó fi darúgbó, bó bá ń kọjá lọ́jà, wọ́n á ní, “Ẹ bá mi mú aṣọ,” òun náà á sì rẹ́rìn-ín. Ó tún òwú ta, ó hun aṣọ náà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tí àgbò ti jẹ ṣì ṣẹ́ kù, ibi eyín hàn gbangba lára rẹ̀. Ìyá ọkọ mi gbé e kọ́. Ó ní àgbò náà ti di ará ilé.

Sàfú ni àkọ́bí mi. Òun ni ìyá Múlíká, àwọn tó kéré nínú yín kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fẹ́ lọ ilé ọkọ, bàbá rẹ̀ ni òun ló máa hun ẹtù rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ìdí kan àga òfì títí ó fi parí rẹ̀. Ẹ mọ ẹtù, dúdú aró pẹ̀lú ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́. Ilé tiwa, ẹtù ni wọ́n mọ̀ wá mọ́. Mo rẹ òwú yẹn fúnra mi. Múlíká kò tíì rìn nígbà tí ibà mú ìyá rẹ̀. A gbé e dé ọsibítù, wọ́n ṣe tiwọn, Ọlọ́run ṣe tirẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ pín ẹrù rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pín in, mi ò bínú sí wọn. Èyí tó kù fún mi ni àgékù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá ọkọ mi ti kú nígbà náà. Èmi ni mo ṣe àlùwàlá. Èmi tí mo bí i ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri àwọn ọlọ́kọ, tí mo gbé e kọ́ sára ògiri tí à ń kọjú sí, sórí ìṣó tó sún mọ́ fèrèsé, kí oòrùn lè máa kàn án.

Ẹ̀yìn ìyẹn, gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run bá jí mi sí, òun ni ojú mi ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Mi ò fi nǹkan kan sàmì sí i. Ta ló ń kọ orúkọ sí iwájú orí ọmọ rẹ̀?

Èmi ni mo tọ́ Múlíká. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí gba ibòmíràn. Ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìbàdàn, ó dé pẹ̀lú máṣíìnì méjì. Ó fi fóònù hàn mí bí àwọn obìnrin òyìnbó ṣe ń gé aṣọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń rán an pọ̀ ní ìbora. Ó ní kuílìtì ni wọ́n ń pè é. Ó ní, “Màmá, ohun tí ẹ̀yin ń ṣe kó tó di pé wọ́n bí wa ni wọ́n ń pariwo yìí. Ẹ jẹ́ n máa rán tiwa, kí wọ́n máa rà á.” Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ìkọ̀kọ̀ ni mo lọ rẹ́rìn-ín. Ó ti fẹ́ máa lọ ilé ọkọ nígbà náà, ilé Lùkúmọ́nù tó ń gbé àdúgbò kejì, Múlíká sì ní láàárọ̀ láàárọ̀ lòun á máa wá ṣiṣẹ́ nílé. Mo ní kó gbé máṣíìnì rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá àgékù. Kọ̀rọ̀ ni mo wí. Lọ́kàn mi, mo ti ń tẹ́ ìbora tirẹ̀, ojú mi ló kàn ń ṣe bàìbàì, mo sì ń dúró de ìgbà tí oòrùn á mú dáadáa.

Ni àbúrò mi tó wà ní Ìwéré-Ilé bá ránṣẹ́ pé ọmọ òun bímọ. Mo lọ. Ìkómọ parí, ọkọ̀ ò tètè rí, àsìkò kajú ni, àpò kajú ni wọ́n ń kó kún inú gbogbo bọ́ọ̀sì. Ìgbà tí mo máa rí ibi jókòó, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi títí a fi dé Ìsẹ́yìn.

Múlíká ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó gba ẹrù lọ́wọ́ mi.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dijú.”

“Kí ni mo fẹ́ dijú sí, ìwọ ọmọ yìí? Ẹsẹ̀ ń ro mí.”

“Ẹ sáà dijú, ẹ jẹ́ n fà yín lọ́wọ́.”

Mo dijú. Ó fà mí wọlé. Òórùn ọ̀dà ló kọ́kọ́ lù mí nímú. Mo lajú, mo rí iná funfun, mo rí tábìlì gígùn, mo rí pẹpẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lórí pẹpẹ, ike ni wọ́n tò, ike tí a ń rí inú rẹ̀ láti ìta. Gbogbo àgékù pupa wà nínú ọ̀kan, gbogbo àwọ̀ sányán nínú ọ̀kan, gbogbo ẹtù nínú ọ̀kan. Ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti lọ̀ wọ́n, ó ti ká wọn bákan náà. Ẹ ti gbọ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn náà ni ọmọ mi fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀.

“Ó rẹwà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Màmá? Ẹ̀yin náà ò ní máa na ọwọ́ sókè mọ́. Ẹ kàn máa wo àwọ̀ tí ẹ fẹ́ ni.”

Mo wo ògiri. Ó ti rẹ́ ẹ, ó ti kùn ún.

“Àwọn ìṣó ńkọ́?”

“Mo ti yọ gbogbo wọn. Wọ́n ti dípẹtà, wọ́n ń ba aṣọ jẹ́.”

Mo ní ó ṣeun. Ẹ gbọ́ mi? Mo ní, “O ṣeun, ọmọ mi, Ọlọ́run á bá ọ ṣe tìrẹ,” mo sì jáde. Kí ni mo tún lè sọ? Bí mo bá sọ ohun tó sọnù, mo ti sọ ohun tí a kì í sọ fún ìyàwó nìyẹn. Mo wọ yàrá mi, mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú aṣọ ìrìn àjò lára, mi ò lè sunkún.

Mi ò jẹun dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Bí mo bá kírun àárọ̀ tán, mo máa ń gbé ojú sókè bí mo ṣe máa ń ṣe, ògiri yàrá mi ni mo ń rí, kàlẹ́ńdà ló wà níbẹ̀. Múlíká rò pé ìrìn àjò ló ń ṣe mí, ó ń se ọbẹ̀ lóríṣiríṣi. Orogún mi, Ìyá Rábí, ló fura. Ọjọ́ tó wọ yàrá náà, tó rí ògiri, ó lérí láti sọ fún ọmọ náà, mo ní kò gbọdọ̀ sọ. Ó ní, “Ìyá Sàfú, bí omi bá dànù, tí agbè kò fọ́, a ó tún òmíràn pọn.” Mo ní, “Ìwọ bá mi tọ́ka sí agbè náà, kí n rí i.” Ṣùgbọ́n ó lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Múlíká. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí n bá a jà.

Múlíká sáré wá bá mi nínú àgbàlá, ike ẹtù lápá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó dojú ike náà dé sórí ẹní lọ́sàn-án gangan, ó kúnlẹ̀ síwájú mi.

“Màmá, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún mi? Ẹ bá mi yọ ọ́. Ẹ bá mi yọ ti Màámi.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo gbé èyí sún mọ́ ojú, mo fi àtàńpàkò ra ìyẹn. Òwú kan náà, ìkòkò aró kan náà, ọwọ́ ọkùnrin kan náà ló hun púpọ̀ nínú wọn. Èyí tí oòrùn ti kàn lára láti ọdún yìí wá, ọṣẹ ti jẹ́ kí àwọ̀ gbogbo wọn ṣí bákan náà. Mo gbóòórùn wọn, òórùn ọṣẹ ni. Ìyá Rábí lọ kó ike pupa wá, bóyá ó ṣèèṣì bọ́ sínú ìyẹn. Àgékù kan já bọ́ níbẹ̀, ojú mi ò sì tíì mú un tí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Àlàárì ọjọ́ àgbò ni. Ibi eyín rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún. Mo dá ti àgbò mọ̀, mi ò dá ti ọmọ mi mọ̀.

“Èwo ni, Màmá?”

Ẹ̀yin ọmọ, ó rọrùn láti mú ọ̀kan. Bí mo bá ti mú un, á gbà á lọ́wọ́ mi, á fi mọ́ àyà, yóò sì gbà á gbọ́ títí ayé. Ìyá Rábí ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé ọ̀kan sókè gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un ní aṣọ obìnrin mìíràn pé ìyá rẹ̀ ni, Sàfú ti kú lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo sì sin ín.

Mo ní, “N kò mọ̀ ọ́n mọ́.”

Múlíká jókòó sórí ẹní láàárín gbogbo ẹtù yẹn, ó ń tò wọ́n, ó ń tún wọn tò. Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Ṣé ó dá yín lójú pé ó wà nínú wọn?”

Mo ní, “Ó wà nínú wọn.”

“Ẹ fún mi ní abẹ́rẹ́.”

Ó rú òfin, mo jẹ́ kó rú u. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ìbora rẹ̀. Kò gbé e dé ìdí máṣíìnì, ọwọ́ ló fi rán an, èmi àti Ìyá Rábí ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹni tójú rẹ̀ bá ríran lọ́jọ́ náà. Gbogbo ẹtù inú ike ló fi sí àárín. Àárín wá tóbi títí, ti àwọn yòókù di etí lásán, ìbora náà sì wúwo bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú ilé yìí.

Ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ará ilé Lùkúmọ́nù wá mú un, a jókòó sínú yàrá tuntun yẹn, nítorí ibẹ̀ la ti máa ń ṣe é. Ẹnu mi ló yẹ kó ka àwọn ènìyàn ara rẹ̀ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ láti etí, àwọn tí mo ṣì mọ̀, mo ka àgbò pàápàá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé àárín, mi ò mọ èyí tí màá pè ní Sàfú. Múlíká rí i. Ó bọ́ ìbora náà kúrò léjìká, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. Ó fi ọwọ́ kan àgékù ẹtù kìíní, ó ní, “Màámi, mo ń lọ o.” Ó fi ọwọ́ kan ìkejì, ó ní, “Màámi, mo ń lọ o.” Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ lórí wọn, orúnkún nílẹ̀, kò fo ẹyọ kan, àwọn tó wá mú ìyàwó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi kí gbogbo wọn tán.